Chrysichthys nigrodigitatus lẹ́nu ọmọ Àjàṣẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí a ṣe ń gé orúkọ ẹranko gígùn sí sílébù

Iṣẹ́ olùkọ́ SVT, ìyẹn ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì nípa ohun ẹlẹ́mìí àti ilẹ̀, ni mò ń ṣe ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò máa ń kó ìwé wọn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, àwọn òbí tó bá wá mú wọn lọ sílé náà á sì dúró bi mí ní ọ̀rọ̀ kan méjì. Ìbéèrè tó pọ̀ jù lẹ́nu wọn kò kan ẹ̀jẹ̀ tàbí egungun. Orúkọ ni. Orúkọ Látìn tó gùn bí okùn àwọ̀n, tí ọmọ á tẹjú mọ́, tí ahọ́n á sì kọ̀ jálẹ̀. Mo ti ń fi ẹnu dáhùn wọn tipẹ́. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí ẹni tó wà ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní òdìkejì ẹnubodè náà lè rí i kà.

Ta ló fún ọ̀bọ̀kún lásán ní orúkọ tó le báyìí?

Ẹja tí a ń pè ní ọ̀bọ̀kún, tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní mâchoiron, ni ìwé sáyẹ́ǹsì ń pè ní Chrysichthys nigrodigitatus. Lacepède, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1803. Ọ̀nà tó gbà sọ ọ́ kì í ṣe tirẹ̀. Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló fi ọ̀nà náà lélẹ̀ fún gbogbo ẹranko nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1758, pé kí olúkúlùkù ní orúkọ méjì. Èyí àkọ́kọ́ dà bí orúkọ agboolé, èyí kejì dà bí orúkọ ọmọ tí a bí sínú agboolé náà. Lẹ́tà ńlá ló ń bẹ̀rẹ̀ ti agboolé, lẹ́tà kékeré ló ń bẹ̀rẹ̀ ti ọmọ, kódà bí ó bá ti ara orúkọ ìlú wá. Ìdí nìyẹn tí Trichechus senegalensis, lamantin, ẹranko omi ńlá inú odò wa, fi ń jẹ́ senegalensis pẹ̀lú s kékeré.

Ẹ ó rí i pé wọ́n máa ń fi orúkọ Lacepède àti 1803 sínú àkámọ́ lẹ́yìn orúkọ ẹja yìí. Àkámọ́ yẹn ní ìtumọ̀. Ó ń sọ fún wa pé agboolé mìíràn ló kọ́kọ́ fi ọmọ náà sí, àwọn tó dé lẹ́yìn ló gbé e wá síbi tó wà báyìí.

Kí ni sílébù gan-an, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé?

Sílébù ni ìwọ̀n ọ̀rọ̀ tí a lè fi ohùn kan ṣoṣo pè lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pe Alákétu, kí ẹ máa fi ọwọ́ lu tábìlì bí ẹ ṣe ń pè é: A-lá-ké-tu. Ọwọ́ yín á balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ pe òroǹbó: ò-ro-ǹ-bó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin náà ni, torí pé ǹ tó wà láàrin ní ohùn tirẹ̀. Nínú èdè wa, fáwẹ̀lì ni odo sílébù, ìyẹn ọkàn rẹ̀ tí kò lè ṣàìsí, àfi ibi tí n tàbí m bá ti dá dúró. Kọ́nsónáǹtì kan ló lè ṣíwájú fáwẹ̀lì náà, kò sì sí ọ̀kankan tó lè tẹ̀ lé e láti ti ilẹ̀kùn. Gbogbo sílébù Yorùbá ló ya ẹnu sílẹ̀.

Látìn kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ́nsónáǹtì méjì tàbí mẹ́ta lè kó jọ síwájú fáwẹ̀lì, bíi stra. Kọ́nsónáǹtì sì lè ti ilẹ̀kùn, bíi tus. Ṣùgbọ́n òpó tó gbé ilé dúró kò yàtọ̀: ẹ ka iye fáwẹ̀lì tí etí gbọ́, ẹ ti ka sílébù nìyẹn.

Àwọn ọmọ tó ti lọ sí ilé kéú máa ń tètè mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti ń pe ọ̀rọ̀ ní wẹ́wẹ́ lójú wàláà kí wọ́n tó pè é pọ̀, ọwọ́ wọn sì ti mọ bí a ṣe ń tọ́ka sí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ó dáa, ẹ gé orúkọ ọ̀bọ̀kún lójú wa kí a rí i.

Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sábẹ́ fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Y náà fáwẹ̀lì ni nínú irú orúkọ báyìí, ẹ má fò ó. Nínú Chrysichthys, ẹ ó rí y, i, y: mẹ́ta. Nínú nigrodigitatus, ẹ ó rí i, o, i, i, a, u: mẹ́fà. Mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ mẹ́sàn-án yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn, torí òun ni ẹ ó fi yẹ iṣẹ́ yín wò tí ẹ bá parí.

Kọ́nsónáǹtì la ó pín tẹ̀ lé e. Èyí tó bá dá wà láàrin fáwẹ̀lì méjì máa ń bá fáwẹ̀lì tó ń bọ̀ lọ: di-gi-ta. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, wọ́n máa ń pínyà, ọ̀kan á ti ilẹ̀kùn sílébù tó ṣáájú, èkejì á ṣí ilẹ̀kùn èyí tó kàn. Ṣùgbọ́n bí èkejì bá jẹ́ r tàbí l tó lẹ̀ mọ́ g, t, p àti irú wọn, wọn kì í pínyà. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ni-gro, tí a kò ní nig-ro. Ch, ph àti th, lẹ́tà méjì méjì ni wọ́n lójú, ìró kan ṣoṣo ni wọ́n létí. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ la àárín c àti h ti ba orúkọ jẹ́.

Ohun tó jáde nìyí:

Chry-sich-thys ni-gro-di-gi-ta-tus

Mẹ́ta àti mẹ́fà. Ó bá ohun tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé mu.

Ọmọ mi ní kì í ṣe Chry-sich, ó ní Chrys-ich ni, torí pé ọ̀rọ̀ méjì ló so pọ̀. Ṣé òun ló tọ̀nà?

Ọmọ yín ní ojú inú, ẹ má bá a wí. Ohun tó rí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Chrysos ni wúrà lédè Gíríìkì, ichthys ni ẹja. Nigro ni dúdú lédè Látìn, digitatus ni oníka. Ẹja wúrà oníka dúdú. Ojú ìsopọ̀ wà láàrin Chrys àti ichthys gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wí. Ṣùgbọ́n ojú ìsopọ̀ yàtọ̀ sí ojú sílébù, ibí yìí ni mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kà mí dúró díẹ̀, torí òun ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo orúkọ gígùn.

Ẹ wo orúkọ tiwa. Ọmọ́táyọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọmọ tó ayọ̀. Níbo ni tó parí sí, níbo ni ayọ̀ ti bẹ̀rẹ̀? Inú sílébù kan ṣoṣo ni, tá. T jẹ́ ti tó, á jẹ́ ti ayọ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí í pè é ní Ọmọ-tó-ayọ̀ nígbà tó bá ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá jẹun. Ọ-mọ́-tá-yọ̀ ni. Ọpọlọ mọ ojú ìsopọ̀, ẹnu sì ń tẹ̀ lé èémí. Erinmi náà ń kọ́? Erin omi ni, ṣùgbọ́n e-rin-mi là ń pè é.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Chrysichthys. Ìtumọ̀ ní Chrys àti ichthys, ẹnu ní Chry-sich-thys. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbín ńlá, Archachatina marginata. Achatina ni orúkọ agboolé ìgbín mìíràn, wọ́n wá fi arch síwájú rẹ̀. Tí ẹ bá fi ìtumọ̀ gé e, Arch-achatina ni. Tí ẹ bá fi ẹnu gé e, Ar-cha-cha-ti-na ni. Cha àkọ́kọ́ yẹn ni tá inú Ọmọ́táyọ̀, ẹsẹ̀ kan níbí, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún.

Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń ní kí ọmọ gé orúkọ. Ó kọ́kọ́ fi ìtumọ̀ gé e sí gẹ̀ǹdù gẹ̀ǹdù, kí ẹ̀rù má baà bà á. Lẹ́yìn náà ló fi ohùn gé gẹ̀ǹdù kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá fo ti àkọ́kọ́ á máa kà bí ẹni ń ka nọ́ḿbà fóònù. Ẹni tó bá fo ti èkejì á mọ ìtumọ̀, kò sì ní lè pè é.

Báwo la ṣe ń pe ch, ph, th àti y?

Orúkọ inú Bíbélì ti kọ́ wa láti ìgbà àwọn bàbá wa. Ẹ wo bí Faransé ṣe ń kọ Christ, kí ẹ wo Kírísítì tiwa: ch di k. Philippe di Fílípì: ph di f. Thomas di Tọ́másì: th di t. Lydie di Lídíà: y di i. Ìró tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì gbọ́ nínú orúkọ Gíríìkì wọ̀nyẹn náà ni ẹ ó gbọ́ nínú orúkọ ẹranko. Chry á di kri, phi á di fi, thry á di tri.

C tó ṣíwájú e tàbí i nìkan ló ń fa àríyànjiyàn. Òkété ni Cricetomys gambianus. Ní ilé ìwé wa, Faransé ló ń darí ẹnu, a ó pè é ní kri-sé-to-mis. Ẹni tó kọ́ Látìn àtijọ́ á pè é ní kri-ke-to-mis. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sì dúró tì í láti òkè ojú ìwé dé ìsàlẹ̀.

Ìyá mi pe Chrysichthys ní Kí-rí-sí-kì-tí-sì. Ṣé àṣìṣe ni?

Rárá o. Fáwẹ̀lì àlejò ni ìyá yín gbà sílé. Ahọ́n Yorùbá kò fẹ́ kí kọ́nsónáǹtì méjì forí kanra, kò sì fẹ́ kí ọ̀kan ti ilẹ̀kùn, ló bá fi i tàbí u sí àárín wọn. Ọ̀nà tí bread fi di búrẹ́dì nìyẹn. Chrysichthys tó jẹ́ mẹ́ta di mẹ́fà. Nigrodigitatus tó jẹ́ mẹ́fà di mẹ́jọ: ni-gi-ro-di-gi-ta-tu-si. Mẹ́sàn-án di mẹ́rìnlá, àlejò márùn-ún ti wọlé.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹja létí ọ̀sà, kò sí ẹni tí èyí pa lára. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń ka sílébù Látìn nínú iṣẹ́ ilé ìwé, kó má ka àlejò mọ́ onílé. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ní kí ó fi ọwọ́ lu tábìlì fún onílé nìkan, kí ó sì jẹ́ kí àlejò kọjá láìlu ohunkóhun. Láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àlejò á bẹ̀rẹ̀ sí í kéré lẹ́nu rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Sílébù wo ni ohùn máa ń gòkè lé?

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi, torí pé etí Yorùbá ló yẹ kó yá jù níbẹ̀. Látìn kò ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Sílébù kan ṣoṣo ló máa ń tẹ̀ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ kan. Tí ẹ bá pe sílébù náà lóhùn òkè, tí ẹ fi ìyókù sí ohùn àárín, ẹ ti sún mọ́ ọn gan-an.

Òfin rẹ̀ kò ju èyí lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ní sílébù méjì, ti àkọ́kọ́ ló ń gòkè. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wo sílébù tó ṣíwájú ti ìparí. Bí fáwẹ̀lì rẹ̀ bá gùn, tàbí tí kọ́nsónáǹtì bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀, òun ló ń gòkè. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, èyí tó tún ṣíwájú rẹ̀ ló ń gòkè. Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń kọsẹ̀ ni mímọ̀ bóyá fáwẹ̀lì gùn, torí pé orúkọ ẹranko kì í fi hàn. Ìrù ọ̀rọ̀ ló ń gbà wá. Gbogbo ohun tó bá parí sí -ensis, en ló ń gòkè: se-ne-ga-lén-sis. Èyí tó parí sí -atus tàbí -ata, a ni: ni-gro-di-gi-tá-tus, mar-gi-ná-ta. -Anus náà, a ni: gam-bi-á-nus. Ṣùgbọ́n -icus máa ń ti ohùn sẹ́yìn: ni-ló-ti-cus. Bẹ́ẹ̀ náà ni -omys, tó ń jẹ́ eku: cri-cé-to-mys, thry-ó-no-mys.

Thryonomys swinderianus ni ọ̀yà. Thry-ó-no-mys swin-de-ri-á-nus. Ìtumọ̀ agboolé rẹ̀ ni eku inú koríko etí omi, ọdẹ Kétu tó bá gbọ́ ìtumọ̀ yẹn kò ní bi yín léèrè ẹran tí ẹ ń sọ.

Trichechus tún ń tan ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ló ń pè é ní tri-ché-chus torí pé ó dùn bẹ́ẹ̀. Fáwẹ̀lì àárín rẹ̀ kúrú, ch sì jẹ́ ìró kan ṣoṣo tó bá sílébù tó ń bọ̀ lọ, nítorí náà trí-che-chus ni.

Ṣé mo lè wá fi àmì ohùn yẹn sórí orúkọ nínú ìwé ìdánwò?

Rárá. Inú ìwé àkọsílẹ̀ yín ni kí ó mọ. Òfin orúkọ ẹranko kò gba àmì kankan sórí lẹ́tà: kò gba àmì ohùn, kò gba accent Faransé, kò gba àmì abẹ́ lẹ́tà. Lẹ́tà Látìn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nìkan ni. Tí ẹ bá ń fi ọwọ́ kọ ọ́, ẹ fa ìlà sábẹ́ orúkọ méjèèjì, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ti agboolé pẹ̀lú lẹ́tà ńlá.

Olùkọ́ ilé ìwé ń pè é bíi Faransé, ẹ̀gbọ́n mi tó dàgbà sí Èkó ń pè é bíi Gẹ̀ẹ́sì. Ta ló jàre?

Àwọn méjèèjì. Òfin tó ń darí orúkọ ẹranko sọ bí a ó ṣe kọ ọ́, kò pàṣẹ bí a ó ṣe pè é. Olùkọ́ á ní ni-gro-di-ji-ta-tus, á sì fi agbára sí ìparí gẹ́gẹ́ bí Faransé ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n yín á ní nai-gro-di-ji-téí-tọs. Ẹja kan náà ni wọ́n ń sọ, wọ́n á sì gbọ́ ara wọn bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Tí ẹ bá bi mí ní èrò tèmi, ẹnu Yorùbá ló sún mọ́ ti àwọn ará Róòmù jù nínú àwọn mẹ́ta yìí tó bá kan fáwẹ̀lì. A, e, i, o, u tiwa mọ́ gaara. A kì í fi ètè yí u padà bíi Faransé, a kì í la i sí méjì bíi Gẹ̀ẹ́sì. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ kí wọ́n má baà rò pé ohun tí wọ́n gbé wá láti ilé ń dí wọn lọ́wọ́.

Tí mo bá fẹ́ fi lẹ́tà Yorùbá kọ bí a ṣe ń pè é, lẹ́tà ti Benin ni àbí ti Nàìjíríà?

Fún iṣẹ́ yìí, ti Benin. Ẹ wo Hippopotamus, ìyẹn erinmi. Ní Nàìjíríà, p tí wọ́n ń kọ nínú Yorùbá ni ìró kp, bíi ti inú pápá. Ọmọ tó bá fi ojú yẹn ka ìtọ́sọ́nà yín á pe hip-po-pó-ta-mus ní hikp-kpo-kpó. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè tí a fi lélẹ̀ ní Benin ní 1975 ya p sọ́tọ̀, ó sì ya kp sọ́tọ̀. Ó tún ń kọ ɛ àti ɔ ní ibi tí àwọn ará Nàìjíríà ń kọ ẹ àti ọ. Ìwé yìí ni mo fi lẹ́tà Nàìjíríà kọ kí gbogbo wa lè kà á, ṣùgbọ́n nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ mi, p ni p, kp ni kp.

Nígbà tí a ti dárúkọ rẹ̀: hippos ni ẹṣin, potamos ni odò. Gíríìkì rí ẹranko yìí, ó ní ẹṣin odò. Àwọn bàbá wa rí i, wọ́n ní erin omi. Èmi gbà pé àwọn bàbá wa ló wò ó dáadáa.

Orúkọ ẹranko wo ló gùn jù?

Eṣinṣin kan ní gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Brunetti, onímọ̀ nípa kòkòrò, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1923: Parastratiosphecomyia stratiosphecomyioides. Lẹ́tà mọ́kànlélógún ní apá kan, mọ́kànlélógún ní apá kejì, méjìlélógójì lápapọ̀.

Ẹ má sá. Ẹ kọ́kọ́ fi ìtumọ̀ gé e. Para ni ẹ̀gbẹ́. Stratio ti ara ọ̀rọ̀ ológun wá. Spheco ni agbọ́n. Myia ni eṣinṣin. Oides ni ẹni tó jọ. Agboolé kan ti wà tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ Stratiosphecomyia, eṣinṣin ológun tó dà bí agbọ́n. Èyí tuntun sún mọ́ ọn, ni wọ́n ṣe fi para síwájú. Ọmọ inú rẹ̀ sì jọ àwọn ti agboolé kejì yẹn, ni wọ́n ṣe fi oides sẹ́yìn. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú orúkọ méjèèjì. Ẹni tó bá ti mọ stratiosphecomyi- lórí, ó ti ní èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́.

Ó wá ku kí a fi ohùn gé e:

Pa-ra-stra-ti-o-sphe-co-my-i-a
stra-ti-o-sphe-co-my-i-o-i-des

Mẹ́wàá, mẹ́wàá. Ogún. Mo fi s ti stra àti s ti sphe sílẹ̀ lẹ́yìn ojú ìsopọ̀ nítorí pé ìtumọ̀ á tètè hàn bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn á pè é ní Pa-ras-tra. Iye sílébù kò yí padà. Àwọn kan máa ń pe yi pọ̀ ní ẹyọ kan, àti oi ní ẹyọ kan, tiwọn á sì dín díẹ̀. Ohùn òkè kò yẹsẹ̀ pẹ̀lú gbogbo èyí: nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, orí my ló wà, nínú èkejì, orí i tó ṣíwájú des.

Mo ti gbọ́ nípa èyí tó tún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó ní lẹ́tà àádọ́ta. Òótọ́ ni?

Dybowski, ọmọ Poland tó ṣiṣẹ́ lórí ẹranko inú adágún Baikal, tẹ orúkọ kan jáde ní 1926 fún ẹranko omi kékeré tó bá edé tan: Gammaracanthuskytodermogammarus loricatobaicalensis. Àádọ́ta lẹ́tà ni lóòótọ́. Àwọn tó ń ṣọ́ òfin orúkọ ẹranko fagi lé e, nítorí náà kò sí nínú àwọn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ lu tábìlì fún un: Gam-ma-ra-can-thus-ky-to-der-mo-gam-ma-rus, méjìlá. Lo-ri-ca-to-bai-ca-len-sis, mẹ́jọ. Ogún! Iye kan náà pẹ̀lú ti eṣinṣin Brunetti, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà mẹ́jọ ló fi jù ú lọ. Kọ́nsónáǹtì tó ń ti ilẹ̀kùn ló gba àyè yẹn: gam, can, thus, der. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á tí ó bára mu. Ìgùn tí ojú ń rí lórí ìwé, etí kì í fi ìgbà gbogbo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Kí ni a ń ṣe bí i méjì bá tẹ̀ léra?

Ẹ pe méjèèjì. Àrọ̀ ni Clarias gariepinus, ìdílé ńlá tó wà nínú rẹ̀ sì ń jẹ́ Clariidae. Cla-ri-i-dae, mẹ́rin. Ae tó wà ní ìparí, ẹyọ kan ni.

Bí orúkọ kò bá gba ìlà kan, níbo la ti lè là á?

Níbi ojú ìsopọ̀, bí àyè bá wà: Parastratio- ní òkè, sphecomyia nísàlẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ là á níbi sílébù. Ẹ má fi lẹ́tà kan ṣoṣo sílẹ̀ lórí ìlà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ orúkọ ní kíkún lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè kọ C. nigrodigitatus. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, torí òkété àti àrọ̀ náà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà lójú ìwé kan, ẹ kọ wọ́n ní kíkún.

Wọ́n fi ọmọ mi rẹ́rìn-ín ní kíláàsì nígbà tó kà á, ó ní òun kò kàwé sókè mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo wà ní quatrième, ìyẹn ọdún kẹta ní ilé ìwé girama, ní ilé ìwé kan tí n kò ní dárúkọ. Olùkọ́ ní kí n ka orúkọ ọ̀bọ kan tó wà ní igbó Lama ní Benin níbí, ọ̀bọ onínú pupa: Cercopithecus erythrogaster. Mo dé ibi thecus, mo dúró. Mo tún un bẹ̀rẹ̀, mo tún dúró níbẹ̀. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí ẹlòmíràn kà á. Kò sẹ́ni tó fi hàn mí bí a ṣe ń pè é. Títí ìgbà ẹ̀kọ́ yẹn fi parí, n kò na ọwọ́ sókè mọ́. Ó dùn mí, mo sì gbà pé kò tọ́ kí a fi ọmọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má sọ fún un pé kò le. Ó le. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ gé e pọ̀. Kerkos ni ìrù, pithekos ni ọ̀bọ, erythros ni pupa, gaster ni ikùn. Ẹ jẹ́ kó rí ẹranko náà nínú orúkọ kó tó pè é. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Èyí ló ràn mí lọ́wọ́ jù lọ nígbà tí mo dàgbà: -cus. The-cus. Pi-the-cus. Co-pi-the-cus. Cer-co-pi-thé-cus. Bí ẹ bá ti ẹ̀yìn bọ̀, ibi tí ẹnu ń lọ ni ibi tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò ní já lé òkùnkùn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún e-ry-thro-gás-ter. Kó sùn, kó tún un pè lówùúrọ̀. Nígbà tí kíláàsì bá tún kàn án, ẹnu rẹ̀ á ti mọ ọ̀nà.

Orúkọ wo ni kí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀?

Àdán kan wà ní Éṣíà tí Thomas, onímọ̀ nípa ẹranko, sọ lórúkọ ní 1902: Ia io. Lẹ́tà mẹ́rin, fáwẹ̀lì mẹ́rin, sílébù mẹ́rin: I-a i-o. Kò ní kọ́nsónáǹtì rárá, ọmọ ọdún márùn-ún Yorùbá á pè é láìsí ìyọnu. Ẹ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú Clarias, ìyẹn àrọ̀ tó wà nínú àwo ọbẹ̀ wọn. Lẹ́yìn rẹ̀, senegalensis, nítorí ìparí -ensis tí wọ́n á tún bá pàdé níbi púpọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ìgbín pẹ̀lú Ar-cha-cha-ti-na, kí ẹ lè sọ ọ̀rọ̀ Ọmọ́táyọ̀ fún wọn. Ọ̀bọ̀kún ló kàn. Ọ̀bọ onínú pupa tẹ̀ lé e. Eṣinṣin Brunetti ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn lu tábìlì fún un, ogún ìgbà, láìsí pé ẹ bá wọn kà á.